Kí Ẹ Tó Ka Èsì, Ẹ Ka Rẹ́jísítà

Bí ẹ bá dúró sí oríta Ojú Òrè ní Ọ̀tà láago méje àárọ̀, ẹ ó rí i pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń dù. Tírélà tó ń kó irin jáde nílé iṣẹ́, bọ́ọ̀sì tó ń pe Ìyànà Ìyẹsí àti Ṣàngó, Márúwá tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ sùúrù, gbogbo wọn ń fun fèrè, àwọn ọmọ iléèwé sì ń sá gba àárín wọn kọjá. Ẹ wo aṣọ ọrùn àwọn ọmọ yẹn. Ẹni tó ti pẹ́ níbí lè fi yunifọ́ọ̀mù mọ iléèwé, kó fi iléèwé mọ iye tí baba ọmọ ń san, kó sì fi iye yẹn mọ irú ilé tí wọ́n ń gbé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà lágbègbè yìí ní 1968, kò sẹ́ni tó lè fi aṣọ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kákí kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni ọ̀pọ̀ baba wọn sì ń ṣe: oko ni wọ́n ń ro.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi débí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń bí mi nínú. Bí èsì ìdánwò bá ti jáde, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, àwọn èèyàn á kóra jọ síwájú rẹ̀, wọ́n á máa fi iléèwé kan wé òmíràn bí ẹni ń wo èsì bọ́ọ̀lù. Wọ́n á ní ti làkásègbè dára, ti tàmẹ̀dù ò dára, àwọn tíṣà ibẹ̀ ọ̀lẹ ni wọ́n. Èmi tí mo fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n pe rẹ́jísítà láràárọ̀, mo mọ̀ pé ẹni tí kò bá tíì mọ àwọn tó gba ẹnu géètì wọlé, kò tíì ka èsì kankan. Ẹ fara balẹ̀ fún mi, kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Èmi fúnra mi, ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni mí. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù January 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni Prémíà. Stephen Olúwọlé Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló gbé àbá náà síwájú ilé aṣòfin ní July 1952. Àwọn bàbá wa ò kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé kí àgbàlagbà máa san ṣílè mẹ́wàá àti sísì fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, ọ̀rọ̀ owó orí yìí sì wà lára ohun tó mú kí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi ní Ìwọ̀ Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ní 1954. Bàbá mi wà lára àwọn tó kùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé, òun náà ló mú mi lọ́wọ́, a rìn láti abúlé wa lọ́nà Ìdírókò, ó dúró sí ẹ̀yìn ìlà àwọn tó wá forúkọ ọmọ sílẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ò sí nígbà náà. Tíṣà ní kí n gbé apá ọ̀tún gba àárín orí kọjá, kí n fi ìka kan etí òsì. Ọmọ tí ìka rẹ̀ bá kan etí ti pé ọdún mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti ń dá ebè tirẹ̀ lóko, apá rẹ̀ kúrú. Wọ́n dá a padà sílé. Èmi tí mo kéré sí i, apá mi gùn, mo wọlé. Lọ́dún kejì tó tún wá, wọ́n gbà á, ó sì di ọmọ kíláàsì kìíní nígbà tí èmi wà ní ìkejì. Nínú kíláàsì wa, ẹ ó rí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìkókó sílẹ̀, ẹ ó sì rí èyí tí ohùn rẹ̀ ti ń yí padà. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ gbogbo wa. Apá ló kọ ọ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé rẹ́jísítà 1955 dé, tó ní òun fẹ́ mọ bí ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe ń kàwé sí nígbà náà, ẹ bá mi bi í pé ọmọ ọdún mẹ́fà wo.

Ní 1954, àwọn ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn tó bíi 457,000. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n di bíi 811,000. Níbo ni wọ́n fẹ́ ti rí tíṣà? Ẹni tó kọ́ wa ní kíláàsì kejì, ìwé mẹ́fà lòun náà kà, kò sì lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà níbì kankan. Orin ló fi ń kọ́ wa ní ìṣirò, pàṣán ló sì fi ń ràn án lọ́wọ́. Kò burú. Ohun tó ní ló fún wa. Ní 1960 tí orílẹ̀-èdè gba òmìnira, wọ́n pín àsíá kékeré àti kọ́ọ̀bù fún wa, a yan, a jó. Nígbà tí ọdún parí, àwa tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣe ìdánwò ìwé mẹ́fà, ọ̀pọ̀ nínú wa sì fìdí rẹmi. Ariwo sọ. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Banjo láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò, ìgbìmọ̀ náà sì jábọ̀ ní 1961 pé àwọn tíṣà tí kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti pọ̀ jù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni lágbègbè wa bi ara rẹ̀ pé ta ni àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò gan-an. Àwọn tí wọ́n ń fi wá wé, àwọn ọmọ ìgbà tí wọ́n ń sanwó iléèwé, díẹ̀ ni wọ́n. Ọmọ tíṣà, ọmọ akọ̀wé, ọmọ ìjọ, ọmọ oníṣòwò tó rí jájẹ. Tiwa, ọmọ gbogbo ayé ni. Èsì tí wọ́n ní ó já wálẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ tó wà nínú rẹ̀, ká ní kò sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wọn ì bá tí ṣe ìdánwò rárá débi tí wọ́n á fi fìdí rẹmi.

Mo yege. Ṣùgbọ́n owó girama ò sí. Ilé ẹ̀kọ́ Modern ni mo lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ Modern. Ọdún mẹ́ta ni, lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ló dá a sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráàyè lọ girama. Ọ̀fẹ́ ò dé ibẹ̀, a ń sanwó, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò tó ti girama. Èyí tí mo lọ kéré gan-an: kíláàsì mẹ́ta, páànù lórí, ọgbà ewébẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀gá kan tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì tó sì tún ń lu ìlù ìyan láàárọ̀. Ta ló wà níbẹ̀? Àwọn ọmọ tí orí wọn pé ṣùgbọ́n tí baba wọn jẹ́ àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́. Àwọn ọmọbìnrin tí bàbá wọn ní kí ló dé tí òun á fi máa náwó girama sórí ẹni tó máa lọ sílé ọkọ. Àwọn tó ti dàgbà jù fún ìwé ìpè girama, nítorí pé apá wọn kúrú ní 1955. Àwọn ọmọ Ègùn láti ọ̀nà Àgbádárìgì tí wọ́n wá gbé lọ́dọ̀ ìbátan. Girama ti fi Kọ́mọ́n Ẹ́ńtíráńsì àti owó ṣa ọmọ tirẹ̀ tán, ó ti kó wọn lọ sí Abẹ́òkúta àti Èkó, kí wọ́n tó wá máa fi èsì wa wé tiwọn. Títí di òní, bí àgbàlagbà kan bá fẹ́ bú ẹnì kan pé kò mọ̀wé, á ní, "Ṣé Modern ló lọ ni?" Kò mọ̀ pé àwa ọmọ Modern yẹn la gba kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà lọ, tí a gba Grade III, tí a tún gba Grade II, tí a sì kọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Á-Bí-Dí.

Ní 1968 tí mo débí, Ojú Òrè ò tíì di ohun tó dà yìí. Ìlú Ọ̀tà wà lọ́wọ́ kan, pẹ̀lú Ọ̀tún, Òsì àti Ìjánà rẹ̀, ààfin Ọlọ́tà, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Sẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀sì, mọ́sálásí, ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọwọ́ kejì, oko ni. Nínú kíláàsì mi, Àwórì ló pọ̀ jù, Ẹ̀gbá tó wá dáko tẹ̀ lé e, Ègùn díẹ̀, ọmọ Haúsá kan tàbí méjì tí baba wọn ń ta màlúù. Mo tètè rí i pé ọjọ́ ọjà ló ń pa rẹ́jísítà mi run. Bí ọjọ́ ọjà bá ti pé, àga á ṣófo. Ìgbà tí wọ́n bá ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń yan gàrí fún àwọn oníṣòwò Èkó, àwọn ọmọbìnrin á pòórá fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìṣirò ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Èsì wa gòkè lọ́dún yẹn. Íńsípẹ́kítọ̀ yìn mí pé mo mọ ìṣirò kọ́ dáadáa. Mi ò jiyàn.

Ìgbà tí ayé yí padà, gbogbo ẹ̀ ló yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ ọtí ti wà ní Ṣàngó ṣáájú, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n la títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, ilé iṣẹ́ irin, ti rọ́bà, ti aṣọ, ti bíà sì ń hù káàkiri. Ọjọ́ kẹta oṣù February 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ní September ọdún kan náà, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ UPE, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Àwọn tí ìjọba ń retí ní kíláàsì kìíní jẹ́ mílíọ̀nù 2.3, àwọn tó dé tó bíi mílíọ̀nù 3. Ní tiwa, abẹ́ igi máńgòrò ni àwọn tó kù sí ìta ń jókòó, tíṣà kan á sì máa sáré láti abẹ́ igi sí inú kíláàsì.

Rẹ́jísítà mi wá di ohun tó ń dùn mọ́ mi kà. Níbi tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ baba sí, tí ó jẹ́ àgbẹ̀, àgbẹ̀, àgbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo ń kọ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, dírẹ́bà, ọlọ́dẹ, wẹ́dà, bíríkìlà. Ìgbìrà dé, Ígálà dé, Ùròbò dé, Íbò dé, Ìjẹ̀bú àti Èkìtì dé, àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Kútọnu gba ọ̀nà Ìdírókò wọlé. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá kan ní January, kí tẹ́ẹ̀mù tó parí wọ́n ti ń fi Yorùbá bú ara wọn ní pápá. Ọmọ Ìgbìrà kan wà tó ń gba máàkì tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ Yorùbá lọ́dọ̀ mi. Inú ìwé ló ti kọ́ tirẹ̀, bí ìwé ṣe kọ ọ́ náà ló ń kọ ọ́. Ọmọ Ọ̀tà tó jókòó tì í ń kọ èdè ilé ìyá rẹ̀, mo sì ní láti fi pẹ́ńsùlù pupa sàmì sí i. Ó dùn mí nígbà gbogbo tí mo bá ṣe é.

Nígbà tí wọ́n pè wá sí ìpàdé àwọn tíṣà, mo gbọ́ nípa ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ṣe. Ní 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ níléèwé St Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń kọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, àní wọn ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Inú mi dùn dé etí. Mo padà sí Ojú Òrè, mo wo iwájú kíláàsì mi, mo bi ara mi pé èdè ìyá ta ni màá fi kọ́ wọn. Modákẹ́kẹ́ ní èdè kan. Tèmi ní méje, ó kéré tán. Mo fi Yorùbá kọ́ wọn ṣáá, nítorí pé òun ni gbogbo wọn ń sọ bí aago ìṣeré bá lù, ó sì ṣiṣẹ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó fi mí sùn.

Ìdíwọ́ tó wá bá wa lásìkò ilé iṣẹ́ yìí, kò sí ìwé ìjọba kankan tó dárúkọ rẹ̀. Ṣíftì ni. Baba tó bá ń ṣe ṣíftì alẹ́ yóò dé láàárọ̀, yóò sì sùn sí yàrá kan ṣoṣo tí gbogbo ẹbí ní nínú ilé onílé. Ọmọ tó bá dé láti iléèwé láago méjì ò lè wọlé kàwé, ìyá rẹ̀ á ní kó jókòó sí kọ́rídọ̀, kó má pariwo, bàbá ń sùn. Ọ̀sẹ̀ tí baba bá bọ́ sí ṣíftì àárọ̀, ọmọ á tètè dé, torí fèrè ilé iṣẹ́ àárọ̀ ló jí gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ tó bá wà ní ti alẹ́, ọmọ á pẹ́ dé, á wá máa tòògbé. Mo wo rẹ́jísítà, mo rí i pé pípẹ́ dé àwọn ọmọ kan ń lọ ní ìṣísẹ̀ ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè iléeṣẹ́ tí baba wọn wà, ó bára mu. Mo sọ fún ọ̀gá wa, a sì ní kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ àmúrelé wọn ní kíláàsì kí wọ́n tó lọ sílé. Àwọn òbí kan bínú pé a ń dá ọmọ dúró. Àwọn mìíràn mú omi tútù wá fún wa.

Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN gbàjọba ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1979, tí Olóyè Bísí Ọnàbánjọ́ di gómìnà, girama náà di ọ̀fẹ́, iléèwé sì ń hù lọ́tùn-ún lósì. Tíṣà ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ò tó, àwọn ará Gánà ló wá dí àlàfo yẹn. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, wọ́n mọ̀wé, wọn kì í sì í pẹ́ dé. Àwọn bíríkìlà àti onísọ́bàtà Gánà náà pọ̀ ní Ṣàngó, wọ́n sì kó ọmọ wọn sọ́dọ̀ wa. Lọ́dún kan, nínú ọmọ kíláàsì mi tó ń gba ipò láti ìkíní dé ìkarùn-ún, ọmọ Gánà pọ̀ ju ọmọ Nàìjíríà lọ. Lẹ́yìn náà ni January 1983 dé. Ìjọba Ṣàgàrí ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tí wọ́n lé lọ sì ju mílíọ̀nù kan lọ, ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àga ń ṣófo. Ọmọbìnrin kan wá dá ìwé ìkàwé iléèwé padà kó tó lọ, ó ti fi bébà bo ẹ̀yìn rẹ̀ kó má ya. Àwọn tíṣà wọn ò lọ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń lọ lẹ́yìn náà, pàápàá nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀.

Tẹ́ẹ̀mù yẹn, èsì kíláàsì mi já wálẹ̀ gbàgà. Íńsípẹ́kítọ̀ béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìkọ́ni mi. Mo ní kó bá mi ka rẹ́jísítà. Kò sí ọmọ kan tó gbàgbé ohun tó mọ̀. Àwọn tó ń gbé àpapọ̀ máàkì sókè ló ti wà lójú ọ̀nà ẹnubodè Ṣẹmẹ́, tẹrù tẹrù. Kíláàsì kékeré kì í farapamọ́: bí ọmọ bá jẹ́ ogún, ọmọ kan ṣoṣo jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Mú mẹ́rin kúrò níwájú, kí o wo ohun tó kù. Íńsípẹ́kítọ̀ náà kọ ọ́ sínú ìwé pé "tíṣà ní àwáwí."

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 1982, ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 dé, Modern ti kú tipẹ́, JSS, ìpele kìíní girama, wá dúró síbi tí Modern wà: ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá, ọdún mẹ́ta. Nígbà tó yá, mo gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, NCE, ní Òsíẹ̀lẹ̀, wọ́n sì gbé mi lọ sí iléèwé JSS kékeré kan tí kò jìnnà sí oríta. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ dé nínú àpótí, iná mànàmáná ò sí, àpótí náà di ìjókòó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 ló wá dára jù láti fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún yín. SAP, ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé tò, ti dé láti 1986, ilé iṣẹ́ ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Owó ilé Èkó ń lé èèyàn sọ́dọ̀ wa, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, Ọṣòdì, Àpápá ń kọ́lé sí Ṣàngó, Ìjọkò, Ìyànà Ìyẹsí. Wọ́n ń jáde láago mẹ́rin òru láti wọ reluwé ní Ìjọkò tàbí bọ́ọ̀sì ní Tóòlùgéètì, wọ́n ń wọlé láago mẹ́sàn-án alẹ́. Àwọn ọmọ ń dá ara wọn wẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá ń fún àbúrò rẹ̀ ní oúnjẹ àárọ̀. Àwọn tó ní owó díẹ̀ nínú wọn ò fẹ́ iléèwé ìjọba. Àwọn aládàáni bá gbilẹ̀: iléèwé nínú ilé alájà kan, iléèwé lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, iléèwé lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Àwọn kan dára gan-an, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe sí rẹ́jísítà wa. Láàárín ọdún díẹ̀, ọmọ tíṣà lọ, ọmọ nọ́ọ̀sì lọ, ọmọ oníṣòwò lọ. Àwọn tíṣà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pàápàá kó ọmọ tiwọn lọ sí aládàáni. Àwọn tó kù ni ọmọ tó ń kiri ẹ̀kọ kó tó wá sí iléèwé, ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ tí baba rẹ̀ ti lọ wáṣẹ́ kò sì padà, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti abúlé Ègùn. Nǹkan kejì tó ṣẹlẹ̀ ló dùn mí jù. Aládàáni kan wà tí kì í jẹ́ kí ọmọ tó kù díẹ̀ káàtó dé ìdánwò JS3 lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ti rí i ní JS2 pé ọmọ náà kò ní yege, á pe ìyá rẹ̀, á ní, "Ẹ mú un lọ sí iléèwé ìjọba, ibẹ̀ á bá a mu." Á wá bá wa ní JS3, oṣù díẹ̀ sí ìdánwò. Bí ó bá fìdí rẹmi, tiwa ni. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tiwọn á kà pé gbogbo ọmọ ló yege. Ẹ sì má jẹ́ kí n tíì sọ̀rọ̀ ẹkísípò àti àwọn ilé ìdánwò níbi tí ìdáhùn ti ń bá ìbéèrè wọlé; ìyẹn kì í ṣe èsì, ọjà ni.

Ọmọbìnrin Ègùn kan wà láyé ìgbà yẹn tó wọ JS1 ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò lè ka ìpínrọ̀ kan tán nígbà tó dé. Nígbà tó fi máa ṣe JS3, ó ń ka ìwé ìròyìn fún ìyá rẹ̀ ní ẹ̀yìn àtẹ ẹja. Máàkì tó gbà ò pọ̀. Nínú èsì, ó wà lára àwọn tó "kùnà ní iṣẹ́ mẹ́ta." Ìrìn tó rìn láàárín ọdún mẹ́ta yẹn jìn ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ tó gba ipò kìíní lọ, ṣùgbọ́n kò sí àyè tí a lè kọ ọ́ sí.

Ọmọ mi kan wà ní Amẹ́ríkà, ọmọ tirẹ̀ ń lọ sí iléèwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní charter. Ó ṣàlàyé fún mi pé owó ìjọba ló ń gbé e ró, ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ló ń darí rẹ̀. Ó ní ìpínlẹ̀ Minnesota ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀ ní 1991. Mo rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ṣe rí níbí láyé òyìnbó: ìjọ ló ni ín, ìjọba ló ń ràn án lọ́wọ́, òfin ẹ̀kọ́ Èkó ti 1887 sì wo bí ọmọ ṣe ṣe sí nínú ìdánwò kó tó fún wọn lówó. Kò sí ohun tó jẹ́ tuntun pátápátá lábẹ́ òrùn yìí. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni ìwé èsì iléèwé náà tí ó fi ránṣẹ́ sí mi. Láti ìgbà òfin kan tí ààrẹ Bush buwọ́ lù ní 2002, wọn ò gbọdọ̀ gbé máàkì iléèwé jáde lásán. Wọ́n ní láti tò ó ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí: àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, àwọn ọmọ tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Spéènì, àwọn tó ṣì ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí òbí wọn tálákà débi pé ìjọba ló ń san owó oúnjẹ ọ̀sán wọn. Oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fi ń mọ tálákà. Ó gbọ́n. Èmi ìbá fi bàtà mọ̀ ọ́n.

Kò tán síbẹ̀ o. Mo rí i pé àwọn kan níbẹ̀ ń fi àwọ̀ ara ṣe ìdí, bí ẹni pé àwọ̀ ló ń ka ìwé. Ọmọ ọmọ mi wà nínú ìlà "dúdú", ìyá rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, baba rẹ̀ jẹ́ ẹnjiníà. Ọmọ tó wà nínú ìlà kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ń sùn lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, wọ́n ń kó kiri láti ilé dé ilé. Ìlà kan ò tó wọn. Ṣùgbọ́n ó sàn kí a fa ìlà, kí a sì máa jiyàn lórí rẹ̀, ju kí a má fa nǹkan kan lọ.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí sí ìpàdé òbí àti tíṣà níléèwé tí mo ti fẹ̀yìn tì. Obìnrin ló ń darí ibẹ̀ báyìí, ọmọ tó mọ̀wé, ó sì mọ iṣẹ́. Àwọn òbí ń jà lé e lórí nípa èsì. Nígbà tí wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, nínú àwọn tó ṣe JS3 lọ́dún yìí, mélòó ló bẹ̀rẹ̀ JS1 níbí? Mélòó ló dé láti ibòmíràn lọ́dún tó kẹ́yìn? Mélòó ni ìyá tàbí baba wọn ń kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́?"

Ó ní, "Bàbá, fọ́ọ̀mù tí ìjọba fún wa ò ní àyè fún ìyẹn."

Mo ní kó mú rúlà, kó fa ìlà tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Baba kan láti ẹ̀yìn pariwo pé ìlà ò ní gba ọmọ òun wọ yunifásítì. Mo bi í pé ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbí ni àbí wọ́n mú un wá. Ó jókòó. Ìyá kan dìde, ó ní wọ́n mú tirẹ̀ wá ní JS3, ó sì dárúkọ iléèwé tó lé e jáde lójú gbogbo èèyàn, ìpàdé náà kò sì parí títí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ fi lù.